Èènì Inú Abọ́ Ẹnjiníà

Kí n tó kúrò ní Kétu, mo rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ mi nípa wíwọn oúnjẹ. Kétu ti ilẹ̀ Dàhòmì ni mò ń wí o, kì í ṣe Kétu tó wà ní Èkó. Ìyá mi ń ta gàrí àti ẹ̀wà lọ́jà, ẹ̀yìn igbá rẹ̀ ni mo sì gbé dàgbà. Bí ó bá ń wọn gàrí fún oníbàárà, á bù ú sínú agolo títí yóò fi ga ṣóńṣó, tí yóò máa dà sílẹ̀ létí. Bí ó bá dà á sínú àpò ẹni náà tán, á tún fi ọwọ́ bu díẹ̀ lé e. Ìyẹn ni èènì. Ahun ni wọ́n ń pe ẹni tí kì í fúnni ní èènì, ọjà irú wọn kì í sì í yá.

Ikú ọkọ mi ló sọ mí dèrò ìlú onílùú. Wọ́n ní owó epo rọ̀bì ti sọ Nàìjíríà di ibi tí iṣẹ́ ti ń wá ènìyàn, kì í ṣe ènìyàn ló ń wá iṣẹ́. Mo fi Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi. Kò tíì mọ̀rọ̀ sọ dáadáa nígbà náà. Mo ní n ó lọ díẹ̀, n ó sì padà wá mú un. Gbogbo wa là ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ènìyàn máa ń fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá ní mo ti gbé ilẹ̀ òkèèrè rí. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbẹ́dá? Ṣé Ẹ̀gbẹ́dá lo ń pè ní ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá?" Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbé rí láàárín àwọn tó ń sọ èdè rẹ̀ tí wọn kò sì kà á mọ́ ara wọn. Bí mo bá lanu sọ̀rọ̀ lẹ́bàá kànga, àwọn obìnrin á wo ara wọn, wọ́n á ní, "Àgànyìn ni," orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo ará òdìkejì ààlà. Mo ní ọmọ Kétu ni mí, ọmọ Alákétu, Odùduwà kan náà ló bí gbogbo wa. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pẹ̀lẹ́, Àgànyìn. Mo bínú títí ìbínú náà fi sú mi.

Ẹ̀gbẹ́dá ìgbà náà kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn ilé búlọ́ọ̀kù tuntun sì ń hù láàárín rẹ̀ lójoojúmọ́. Eruku sìmẹ́ńtì ni ènìyàn ń fà símú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe ọkọ̀ tàbí ilé ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, oúnjẹ tí wọ́n ń dà nù ni. Mo rí ibi tí wọ́n ti da odidi ìkòkò ìrẹsì sí ààtàn nítorí pé àná ni wọ́n sè é. Àwọn adìyẹ ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn ò tiẹ̀ bojú wò ó, àwọn náà ti yó. Mo dúró tì í, omi sì bọ́ lójú mi. Ọmọ mi ni mo rántí.

Obìnrin ará ìlú wa kan tó ń ta iṣu ní Ṣáṣá ló bá mi rí iṣẹ́. Ó ní Ẹnjiníà kan wà tí kò tíì níyàwó, tó ń wá ẹni tí yóò máa dáná fún un. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkùnrin náà. Ó ti kàwé ní Síwísáláńdì, ilẹ̀ òyìnbó olókè àti yìnyín, ó sì ti padà wálé láti máa bá wọn kọ́lé ní Ìpájà. Ènìyàn dáadáa ni, kì í jágbe mọ́ni. Ṣùgbọ́n ó tóbi. Bí ó bá ń ti ẹnu géètì bọ̀, èémí rẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo bi í léèrè ohun tí yóò jẹ. Ó gbé páálí kan kalẹ̀ síwájú mi.

"Múṣílì ni," ó ní. "Bu ife kan sínú abọ́ fún mi, kí o da mílíìkì lé e."

Mo ṣí páálí náà. Ọkà gbígbẹ tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ ló wà níbẹ̀, àti èpà, àti àgbọn tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, àti èso àjàrà gbígbẹ tó ti hun jọ. Kò sí iná, kò sí ìkòkò. Mo ní nínú ara mi pé ẹni tí kò níyàwó ń jìyà. Mo bu ife kan, ó ga ṣóńṣó, mo dà á sínú abọ́. Mo fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Àánú rẹ̀ tún ṣe mí, mo bá fi ẹ̀kúnwọ́ mìíràn sí i.

Ẹnjiníà wo abọ́, ó wò mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Àwẹ̀ró, èmi àti àwọn wo la fẹ́ jọ jẹ ẹ́?"

"Ẹ̀yin nìkan ni, Ọ̀gá. Irú oúnjẹ báyìí, tí kò bá pọ̀, kí ló fẹ́ ṣe fún ọkùnrin?"

Ó ní kí n jókòó. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru, pé dókítà ti kìlọ̀ fún òun pé bí òun kò bá fọn, ọkàn òun lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló ní agbára tó ń fún ara, kálórì ni wọ́n ń pè é. Èyí tí ara bá lò, ó lò ó. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ikùn ló ń gbà á sílé. Múṣílì yìí ń ṣara lóore, àmọ́ ó mọ ẹ̀tàn. Òróró ló kún inú èpà àti àgbọn rẹ̀, adùn ló kún inú àjàrà gbígbẹ rẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan tí ènìyàn kò kà sí nǹkan kan sì lè ba iṣẹ́ gbogbo àárọ̀ jẹ́. Nítorí náà, ife kékeré kan péré ni kí n máa bù, kí n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá orí rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Abọ́ kékeré ni kí n sì máa lò, torí oúnjẹ díẹ̀ nínú abọ́ ńlá, ojú ni yóò kọ́kọ́ kígbe ebi. Kí n gé ìbẹ́pẹ tì í. Kí n má fi ṣúgà sí i rárá.

"Ìyá mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà yìí o," ó ní. "Ẹ̀rù á bà á jù. Ìwọ ṣáà ràn mí lọ́wọ́. Tí ikùn yìí bá fi lè fà kí dókítà tó yẹ̀ mí wò lẹ́yìn òjò, lọ mú ọmọ ẹ wá. Yàrá ẹ̀yìn yẹn gbà yín. Ilé ìwé ò sì jìnnà."

Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ikùn Ẹnjiníà ni ọ̀nà tí ọmọ mi máa gbà dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì ń ṣọ́ ọ ju bí mo ṣe ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná lọ.

Àmọ́ kò rọrùn. Bí mo bá fi ọ̀bẹ gbá orí ife, tí èyí tó ga bá dà padà sínú páálí, á máa ṣe mí bí ẹni tó ń ja oníbàárà lólè. Ọwọ́ mi á ti máa lọ sínú páálí kí n tó rántí. Nígbà mìíràn mo máa ń fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, mo sì máa ń fi ara mi rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lè fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó lè fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ á bá a lọ. Bí ọwọ́ mi ṣe ń bù ní Kétu náà ló fẹ́ máa bù ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Ní òpin oṣù, Ẹnjiníà máa ń mú mi dání lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìkẹjà kí n lè lo tẹlifóònù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú wa, òun ló máa ń mú ìyá mi àti Àwẹ̀ró wá síbẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá dá. Wáyà náà á máa ta pàràpàrà bí ìgbà tí wọ́n ń yan àgbàdo. Ìyá mi kò gbà pé ẹ̀rọ lè gbé ohùn òun, ńṣe ló máa ń pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí n gbọ́ òun láti Kétu láìsí wáyà.

"Ṣé àlàáfíà lẹ wà, mà?"

"Àlàáfíà ni! Ìwọ ńkọ́?"

"Mo wà, mà. Kí ni Àwẹ̀ró jẹ lónìí?"

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n nìyẹn, kí n tó béèrè ilé, kí n tó béèrè ọjà. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé tẹlifóònù sétí ọmọ náà. Mo máa ń pè é, màá ki oríkì rẹ̀, màá sọ fún un pé mo ra bàtà pupa fún un. Kò dáhùn rí. Èémí rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Bí mo bá délé, èémí yẹn ni màá máa gbọ́ létí bí mo bá ń fọ abọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí mi ò ní ẹni tí màá sọ fún.

Ẹnjiníà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọn nígbà tí ìyá rẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tasùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ju ara rẹ̀ lọ. Ó wo ọmọ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Subuhánálláhì! Ráímì, ta ló ń febi pa ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń febi pa mí, Ìyá mi. Oúnjẹ tí a máa ń jẹ lọ́hùn-ún ni mò ń jẹ. Ó ti mọ́ mi lára."

"Ṣé oúnjẹ ló mọ́ ẹ lára ni, àbí ìyà? Ta ló fẹ́ fún ọkùnrin tó gbẹ níyàwó nírú ayé yìí?"

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ìgbà mu. Ní àsìkò tí owó ń ṣàn yẹn, ikùn ni ènìyàn fi ń mọ ẹni tó rí ṣe. Kọńtirakítọ̀ tí ikùn rẹ̀ kò bá ṣáájú rẹ̀ wọlé, ta ni yóò gbé iṣẹ́ fún un?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá náà wá bá mi ní ilé ìdáná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀bẹ gbá orí ife tán.

"Kí lo ṣe yẹn?"

"Oúnjẹ Ọ̀gá ni mò ń wọ̀n, mà."

"O wá gbá orí ife dànù? Àgànyìn, ṣé ọ̀tá ẹ lò ń wọn oúnjẹ fún ni? Ẹyẹ gan-an ò ní jẹ eléyìí yó jàre."

"Ọ̀gá ló ní kí n máa ṣe é bẹ́ẹ̀, mà."

"Ọ̀gá ẹ, èmi ni mo bí i!"

Ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní òun fúnra òun ni yóò máa gbé e fún ọmọ òun. Ó ní "Bísímílà," ó bu ẹ̀kúnwọ́ èpà kan lé e. Ó tún bu àgbọn. Ó da mílíìkì inú agolo bò wọ́n mọ́lẹ̀, ó sì gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ní gbogbo àárọ̀. Ẹnjiníà a máa ka ìwé ìròyìn bí ó bá ń jẹun, kì í wo inú abọ́. Bóyá ó fura, bóyá kò fura. Ẹni tí oúnjẹ bá ń dùn mọ́ lẹ́nu kì í ṣe ìwádìí púpọ̀.

Kò pẹ́ tí ṣòkòtò rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Àárín òjò ni dókítà ní kó wá kí òun rí i ná. Nígbà tó ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, kò bọ́ bàtà, ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Ìyá rẹ̀ wà lórí àga, ó ń ka tasùbáà.

"Ìyá Àwẹ̀ró, ṣé o ṣì ń gbá orí ife yẹn?"

"Mò ń gbá a, Ọ̀gá."

"Ṣé o ń fi nǹkan mìíràn sí i ni?"

Mo wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo àjà.

"Ó dáa," ó ní. Kò jágbe, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù. "Mo ti tún wúwo sí i. Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ tá a sọ yẹn, jẹ́ ká ṣì fi í sílẹ̀ ná. Tí iṣẹ́ yìí bá ti sú ẹ, màá wá ẹlòmíràn tó bá di òpin oṣù."

Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n àjèjì tó bá bọ́ sáàárín ìyá àti ọmọ, bí wọ́n bá parí ìjà wọn tán, òun ni wọ́n á jọ dojú kọ. Bó bá jẹ́ ìlú wa ni, màá ti lọ bá àgbà kan ládùúgbò, á pè wá jókòó, ọ̀rọ̀ á yanjú. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, ta ni mo mọ̀? Ohun tí wọ́n ń pè ní ìdáwà gan-an nìyẹn. Ènìyàn yí ẹ ká, àmọ́ kò sí ẹnìkan tó lè jẹ́rìí ẹ. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo jókòó sórí ẹní níbi tí mo ti ń ro pé Àwẹ̀ró yóò máa sùn, mo sì sunkún.

Ọjọ́ tẹlifóònù wá kò. Ìyá Ẹnjiníà ní òun náà fẹ́ rí ọ́fíìsì tí ọmọ òun ti ń ṣiṣẹ́, ló bá bá wa lọ. Ó jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mò ń tẹ́tí sí wáyà. Mo ti múra láti sọ fún ìyá mi pé ọmọ kò ní lè wá mọ́, pé ó ṣeé ṣe kí èmi fúnra mi máa bọ̀. Nígbà tí mo lanu, ohun mìíràn ló jáde.

"Kí ni Àwẹ̀ró jẹ lónìí, mà?"

"Ẹ̀bà ni!" Ìyá mi ń pariwo débi pé gbogbo yàrá ló ń gbọ́. "Ó ń jẹun dáadáa. Lọ́wọ́ mi nìkan ló ti máa ń jẹ ẹ́. Kò béèrè ẹ mọ́ rárá, má da ara ẹ láàmú!"

Ìtùnú ló rò pé òun ń fún mi. Mo di etí tábìlì mú.

"Ṣé ó yó?"

"Ó yó!"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ bu oúnjẹ fún un, ẹ bá mi fi òkèlè kan lé e. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ fún un. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un o."

Wáyà náà já. Mo gbé tẹlifóònù kalẹ̀. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ìyá Ẹnjiníà ń wò mí, kò sì ka tasùbáà mọ́.

Ó kọjú sí fèrèsé ọkọ̀ títí a fi délé. Mo rò pé inú ń bí i sí mi ni. Nígbà tó kírun Àsárì tán, ó wá bá mi ní ilé ìdáná, ó fa àpótí kan, ó sì jókòó.

"Ìwọ náà bímọ," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Nígbà tí Ráímì wà lọ́hùn-ún, ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi. Egungun ọrùn ẹ̀ yọ síta. Mo sunkún débi pé wọ́n rò pé wọ́n túfọ̀ fún mi ni. Gbogbo ẹni tó bá ti ìlú òyìnbó dé ni mo máa ń lọ bá pé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọ mi ń jẹ níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tó wá padà wálé, mo ní ọwọ́ mi ti tó o wàyí." Ó fa etí gèlè rẹ̀. "Sọ òótọ́ fún mi. Ènìyàn kì í fi ọ̀bẹ gbá oúnjẹ láìnídìí. Kí ló ń ṣe ọmọ mi?"

Mo rántí pé Ẹnjiníà ní kò gbọdọ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ni, tí nǹkan kan ń ṣe Àwẹ̀ró ní Kétu, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n wá ń gé ìbẹ́pẹ níwájú mi tó ń panu mọ́? Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sọ ti ọkàn, mo sọ ti èpà àti àgbọn àti ohun tí dókítà ní ó lè ṣẹlẹ̀.

Ó gbé tasùbáà rẹ̀ lé orí itan.

"Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run," ó ní nígbẹ̀yìn. "Bí bàbá ẹ̀ ṣe lọ náà nìyẹn. Ó jẹun tán, ó ní òun fẹ́ rọra sinmi. Ẹ̀kúnwọ́ èpà tèmi yìí ló fẹ́ pa ọmọ mi?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é."

"Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Àmọ́ jẹ́ n sọ fún ẹ, Àgànyìn, mi ò lè máa wò kí abọ́ kọjá lọ bá ọmọ mi kí ọwọ́ mi má dé ibẹ̀. Mi ò lè ṣe é."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi ju bó ṣe rò lọ. Mo dìde. Mo bu ife kan, mo gbá orí rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ níṣojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fi ṣíbí bu díẹ̀ jáde nínú rẹ̀, mo dà á sínú àwo pẹrẹsẹ kékeré kan, mo sì gbé àwo náà fún un.

"Èyí tó kù nínú ife ni màá máa dà sínú abọ́, mà. Èyí tó wà nínú àwo yìí, ẹ̀yin lẹ máa fi ọwọ́ yín bù ú lé e."

Ó wo àwo náà, ó wo ife.

"Nínú ife kan náà lo ti bù ú?"

"Nínú ife kan náà ni, mà. Kò lé, kò dín."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kó omi wá sójú rẹ̀. Ó fi etí gèlè nù ún.

"Ẹ̀yin Àgànyìn yìí gbọ́n o."

"Ọmọ Kétu ni mí, mà."

"Ọmọ Kétu," ó ní, bí ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ wò. "Ó dáa. Ọmọ Kétu, bá mi gbé àwo yẹn síbi tí ọwọ́ mi á ti máa tó o."

Láti ìgbà náà ni a ti ń jọ wọ̀n ọ́n. Èmi ni mò ń gbá orí ife, òun ló ń fi èènì sí i. Kò sí àárọ̀ kan tí kò ní fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Bí mo bá yíjú, ìka méjì á ti lọ sínú agolo èpà. Màá wúkọ́, á mú èpà náà sẹ́nu ara rẹ̀. Ó tún wá fẹ́ràn ìbẹ́pẹ ju ohunkóhun lọ, òun ló máa ń yan èyí tó pọ́n lẹ́yìnkùlé, á gé e, á sì tò ó yí abọ́ ká débi pé oúnjẹ kékeré náà á dà bí oúnjẹ ọba. Àwọn obìnrin ẹ̀bá kànga bi í pé ta ni ó ń bá rìn. Ó ní ọmọ Kétu tó wà lọ́dọ̀ àwọn ni. Wọ́n wo ara wọn, àmọ́ ta ló fẹ́ bá Ìyá Ẹnjiníà jiyàn?

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Mo ń kó abọ́ nígbà náà, mi ò sì mọ ibi tí màá sá sí.

"Ráímì, èmi ni mò ń da èpà sí oúnjẹ ẹ nígbà yẹn. Kì í ṣe obìnrin yìí. O ò sọ fún mi pé ara ẹ ò yá. Ṣé òkú ẹ lo fẹ́ kí wọ́n wá fi hàn mí ni?"

Ẹnjiníà gbé ìwé ìròyìn kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ìyá yín ni, Ọ̀gá."

"Èmi ní kí o má sọ fún un nípa tèmi, o lọ sọ. Nípa tiẹ̀ tí mo béèrè, o panu mọ́." Ó mirí. "Irú ènìyàn wo ni mo gbà síṣẹ́ yìí?" Àmọ́ ẹ̀rín wà lójú rẹ̀.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, tí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi bẹ́líìtì rẹ̀ hàn wá lẹ́nu géètì kó tó wọlé rárá, ó ti lu ihò tuntun sí i. Ìyá rẹ̀ ní "Alihamudulilahi," ó sì tún ní aṣọ ọmọ òun ti wá tóbi jù báyìí, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ á máa wí. Kí n tó rí ohun sọ, ó ti yíjú sí mi.

"Kí lo wá dúró sí? Ọmọ ẹ ńkọ́? Ṣé èmi ni màá lọ mú un wá ni?"

Mo ti gbé ìlú onílùú pẹ́ nígbà náà débi pé mo ti mọ bí inú mi ṣe máa dùn lọ́jọ́ náà. Mo ti tò ó sílẹ̀ lọ́kàn mi láìmọye ìgbà. Ọmọ mi á sọ̀ kalẹ̀, á sáré, á so mọ́ mi lọ́rùn. Àwọn tó wà nílé kì í sọ fún wa pé bí àwa ṣe ń ka ọjọ́ níbi tí a wà, ọmọ náà ń dàgbà níbi tó wà, àti pé bó bá dé, ẹni tó ń dàgbà yẹn ló máa dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ló mú un wá. Mo ti wà lẹ́nu géètì láti àárọ̀. Ó ti ga ju bí mo ṣe rò lọ, bàtà pupa tí mo rà kò ní bá a lẹ́sẹ̀ mu mọ́. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí i. Ó wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó sì kúnlẹ̀ dáadáa bí ìyá mi ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ kú ilé, mà."

Bí wọ́n ṣe ń kí àjèjì ló ṣe kí mi. Mo gbé e dìde. Ara rẹ̀ le lọ́wọ́ mi, ó ń wá aṣọ ẹ̀gbọ́n mi tí yóò dì mú. Ìyá Ẹnjiníà ti gbé oúnjẹ jáde, ó ń pè wá, àmọ́ nígbà tó rí ojú mi, ó rọra gbé e kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, ó sì fa ẹ̀gbọ́n mi lọ sínú ilé pé kó wá mu omi.

Ó wá ku àwa méjì. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mi ò fọwọ́ kàn án mọ́, mi ò sì pè é. Gbogbo oríkì tí mo ti ń ki sínú tẹlifóònù láti ọjọ́ yìí, kò sí ọ̀kan tó wá sí mi lẹ́nu. Mo kàn ń mí. Ó dúró níbi tó wà, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá yanrìn, ó ń gbọ́ mi. Nígbà tó pẹ́, ó gbé ojú sókè.

"Ṣé ẹ̀yin ni ìyá tó máa ń wà nínú tẹlifóònù?"

"Èmi ni," mo ní.

Ó rò ó wò. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kò sún mọ́ mi tó kí aṣọ wa kan ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí.